Fọ́ọ̀mù Moṣọpẹ́ àti Ẹnu Mama Tèmi

Ìbíyẹmí Akíndúró kò bẹ̀rù ènìyàn, kò kàn gbà wọ́n gbọ́ ni. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń gbé ní Becontree nílùú Òyìnbó, nínú ọ̀kan lára àwọn ilé bíríkì tí wọ́n kọ́ mọ́ ara wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ àdúgbò dé òpin rẹ̀, síbẹ̀ kò sí aládùúgbò kan tó lè fọwọ́ sọ̀yà sọ iye ọmọ tó bí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tẹ̀ lé àwọn ọmọ aláìlera nínú bọ́ọ̀sì kékeré tó ń gbé wọn lọ sílé ìwé. Láàárọ̀, á de bẹ́líìtì wọn. Lọ́sàn-án, á rí i dájú pé ẹni tó wá gba ọmọ ni ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé. Bí bàbá ọmọ bá dé tí kò mú káàdì dání, Ìbíyẹmí ò ní gbé ọmọ fún un, ì báà jẹ́ pé imú wọn ò yàtọ̀ síra. Awakọ̀ á máa fun fèrè, ọmọ á máa pe bàbá rẹ̀, Ìbíyẹmí á dúró gbọin lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti ń ṣe iṣẹ́ náà láti ọdún mẹ́sàn-án.

Ní oṣù kẹsàn-án tó kọjá, ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì sí kíṣìnnì, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó máa dà ṣọ̀ọ̀. Kò sí ẹlòmíràn nínú ilé o. Bàbá wọn ti padà sí Abẹ́òkúta láti ìgbà tí Moṣọpẹ́ wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta, kò sì sí bó ṣe lè gbọ́ ohùn wọn láti ọ̀hún. Ṣùgbọ́n Ìbíyẹmí ní ògiri ilé yìí fẹ́lẹ́, òun máa ń gbọ́ ọ tí aládùúgbò bá sín.

“Fọ́ọ̀mù yìí,” ó rọra wí, “ẹnì kankan ò gbọdọ̀ gbọ́ nípa ẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì o, friends o, cousin yín tó wà ní Manchester o. Nobody. Ṣé ẹ gbọ́ mi?”

“Mummy, my teachers know already,” Moṣọpẹ́ dáhùn. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ó ga, irọ́ kò sì mọ́ ọn lẹ́nu. “Mr Hamid ló máa kọ reference mi.”

“Ṣé Mr Hamid yẹn mọ ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀ṣì wa?”

“No.”

“Ó tán. Mi ò ka tiẹ̀ kún.”

Dámiláre, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, fara ti fìríìjì. Ilẹ̀ ló ń wò bí ẹni pé nǹkan rẹ̀ jábọ́ síbẹ̀.

Yunifásítì tí Moṣọpẹ́ ti fẹ́ lọ ka ìṣirò, ti ìjọba ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí gbogbo ayé ń wọ̀. Fọ́ọ̀mù tiwọn kì í dúró de ti àwọn yòókù, ó gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn kó tó di ìdajì oṣù kẹwàá. Lẹ́yìn náà, wọ́n á pe àwọn tó wù wọ́n, wọ́n á bi wọ́n ní ìbéèrè, wọ́n á sì dá èyí tó pọ̀ jù nínú wọn padà nínú oṣù kìn-ín-ní. Ènìyàn lè fi yunifásítì mẹ́rin mìíràn sínú fọ́ọ̀mù kan náà, Moṣọpẹ́ sì fi wọ́n sí i, ṣùgbọ́n Ìbíyẹmí kò mọ orúkọ ìkankan nínú wọn. Ọ̀kan ṣoṣo yẹn ló ń wò.

Dámiláre gan-an ló fà á tó fi ń ṣí omi ẹ̀rọ. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, òun náà fẹ́ lọ sí yunifásítì yẹn. Nígbà náà, Ìbíyẹmí kò fi bò. Ó wọ aṣọ àdúrà funfun báláú, ó ra èso apẹ̀rẹ̀ kan, ó mú ọmọ rẹ̀ lọ síwájú pẹpẹ ní ọjọ́ Sunday, ó sì ní kí gbogbo ìjọ bá òun yọ̀, ọmọ òun ń lọ sí ibi tí àwọn olórí ìjọba ti kàwé. Fọ́ọ̀mù ò sì tíì kúrò nílé o! Ìjọ pariwo, agogo dún, wọ́n sọ Dámiláre di Professor lọ́jọ́ náà. Yẹ́misí Adébóyè, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Mama Tèmi, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun nìkan ni kò pariwo. Ó ní, “Ibẹ̀ yẹn le o, Mama Dámiláre. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n ń dá padà. Ẹ jẹ́ ká fi àdúrà sí i dáadáa.”

Nígbà tí oṣù kìn-ín-ní dé, Dámiláre ní wọn ò gba òun. Kò pẹ́ sí i ni ìjọ gbọ́ pé Tèmilọlá, ọmọ Yẹ́misí, ti rí ààyè ní yunifásítì kan náà, láìjẹ́ pé ìyá rẹ̀ ti sọ gbólóhùn kan fún ẹnikẹ́ni. Há! Ìbíyẹmí ro ọ̀rọ̀ náà títí orí rẹ̀ fi gbóná. Ẹni tó fi ti ọmọ tirẹ̀ pamọ́, ó wá ń la ẹnu lé ti ọmọ ọlọ́mọ níwájú pẹpẹ. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n ń dá padà! Ta ló bi í? Ọdún mọ́kànlá ni àwọn méjèèjì fi jọ ń ṣọ̀rẹ́, tí ọ̀kan ń bá èkejì gba ọmọ nílé ìwé, ṣùgbọ́n Ìbíyẹmí kò bi í léèrè, kò bá a jà. Ó kàn gbé àga rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi orí kí i. Dámiláre lọ sí ilé ìwé mìíràn fún ọdún kan, ó pa á tì, ó wá ń to páálí ní ilé ìkẹ́rùsí kan lẹ́bàá odò ní Dagenham. Nígbàkígbà tí ìyá rẹ̀ bá rí i tó ń de okùn bàtà iṣẹ́, ẹnu Yẹ́misí ló máa ń rántí.

Nítorí náà, fọ́ọ̀mù Moṣọpẹ́ kúrò nílé bí ọjà fàyàwọ́. Lọ́jọ́ tí ọkùnrin tó ń yẹ mítà iná wò wọlé, Ìbíyẹmí sáré ju ìborùn bo kọ̀ǹpútà. Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, Yẹ́misí pàdé rẹ̀ níbi tí àwọn ọmọ ìjọ ń bọ́ bàtà sí.

“Mama Dámiláre, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Moṣọpẹ́ ńkọ́? Year thirteen ló wà báyìí, àbí? Kí ló fẹ́ kà?”

“Kò fẹ́ ka nǹkan kan,” Ìbíyẹmí dáhùn kíá. “Ó ní ìwé ti sú òun. Ṣọ́ọ̀bù ló fẹ́ lọ máa ṣiṣẹ́.”

Yẹ́misí wò ó. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, “Ó dáa náà. Ọlọ́run á wà pẹ̀lú ẹ̀.”

Ẹ̀rín yẹn gbé Ìbíyẹmí lọ́kàn fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Kí ló pa á lẹ́rìn-ín? Ṣé inú rẹ̀ ń dùn pé ọmọ òun fẹ́ lọ ta ọjà ni, àbí ó ti gbọ́ nǹkan? Tó bá ti gbọ́, ẹnu ta ló ti gbọ́ ọ? Bó ti ń de bẹ́líìtì mọ́ àwọn ọmọ nínú bọ́ọ̀sì ló ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́.

Irọ́ náà kò sì dúró síbi kan. Nínú oṣù kọkànlá, ìjọ ń kọ orúkọ àwọn ọmọ tó ń retí yunifásítì sínú ìwé kan tí wọ́n máa gbé sórí pẹpẹ fún ọjọ́ mọ́kànlélógún. Ìwé kejì wà fún àwọn tó ń wá iṣẹ́. Báwo ni Ìbíyẹmí ṣe máa kọ orúkọ Moṣọpẹ́ sínú ti àkọ́kọ́, lẹ́yìn ohun tó ti sọ níbi ìbọ́bàtà? Tí kò bá sì kọ ọ́ rárá, wọ́n á béèrè ìdí. Ó bá kọ ọ́ sínú ti àwọn tó ń wá iṣẹ́. Báyìí ni odidi ìjọ ṣe wà lórí ìkúnlẹ̀, tí wọ́n ń làágùn, tí wọ́n ń ké pe Olúwa pé kó fún Moṣọpẹ́ Akíndúró ní iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù, wéré wéré, kí ọdún tó parí. Ìbíyẹmí ń fi ẹnu ṣe àmín, ó sì ń fi ọkàn bẹ Ọlọ́run pé kó jọ̀ọ́, kó má gbọ́ èyí. Ojú ti Moṣọpẹ́ débi pé ó fi aṣọ àdúrà bo orí.

Ní ìparí oṣù náà, yunifásítì kọ̀wé pé àwọn fẹ́ bi Moṣọpẹ́ ní ìbéèrè lórí kọ̀ǹpútà ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kejìlá. Ayọ̀ náà pọ̀, ṣùgbọ́n Ìbíyẹmí jó o ní ìdákẹ́jẹ́, nínú yàrá rẹ̀, láìsí bàtà lẹ́sẹ̀.

Láti ìgbà tí fọ́ọ̀mù ti lọ ni Moṣọpẹ́ ti ń gbé fáìlì jáde ní gbogbo Sátidé. Ó ní láíbìrì Barking ni òun ń lọ. Ìyá rẹ̀ gbà á gbọ́ dé ìwọ̀n tó máa ń gba ènìyàn gbọ́. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé ìwé ìpè yẹn, Ìbíyẹmí ń bọ̀ láti ibi tó ti lọ ra iṣu, ó sì rí Moṣọpẹ́ ní òdìkejì títì. Bọ́ọ̀sì 5 dé, ọmọ náà wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n Barking kọ́ ni bọ́ọ̀sì yẹn ń lọ. Becontree Heath ló dorí kọ.

Ta ni àwọn mọ̀ ní Becontree Heath? Ẹnì kan ṣoṣo ni.

Ìbíyẹmí kò pe ọmọ náà, kò sì pè é lórí fóònù. Ó lọ sílé, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, tòun ti iṣu lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, títí kọ́kọ́rọ́ fi dún lẹ́nu ilẹ̀kùn.

“Kí lo rí kà ní láíbìrì?” ó béèrè, ó sì ti gba báàgì lọ́wọ́ ọmọ kó tó dáhùn.

Ike áìsìkirímù kan wà lábẹ́ fáìlì. Ó ṣí i. Ìkọ́kọrẹ́ ló wà níbẹ̀, ó ṣì gbóná díẹ̀, ẹja gbígbẹ ń yọ orí nínú rẹ̀. Ọmọ Ẹ̀gbá ni Ìbíyẹmí, kì í se ìkọ́kọrẹ́. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni Yẹ́misí, kì í sì í ṣahun epo. Ọdún mọ́kànlá ni Ìbíyẹmí fi jẹ ẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò nílò kó tọ́ ọ wò kó tó mọ ẹni tó sè é.

“O ti jẹ nínú ẹ̀?”

“Like half. Mummy, it's just—”

Kò tíì sọ ọ́ tán tí igo epo pupa fi dé. Ìbíyẹmí bu ṣíbí mẹ́ta sínú ife, ó sì dúró ti ọmọ náà títí ó fi gbé e mì, pé kí epo lè pa ohunkóhun tó bá wà nínú oúnjẹ yẹn. Ó da ìyókù ìkọ́kọrẹ́ sínú garawa ìdọ̀tí. Ní ti ike, kò tíì ju ike tó dáa nù rí láyé rẹ̀. Ó fi iyọ̀ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì gbé e sí ìta.

Moṣọpẹ́ ń sunkún, epo wà létè rẹ̀. “Tèmi ló ń kọ́ mi! She did the same course, Mummy. Ó mọ irú question tí wọ́n máa ń bi èèyàn. Aunty Yẹ́misí just cooks.”

“Ta ló sọ fún wọn pé o fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀?”

“Èmi ni.”

“Láti ìgbà wo?”

“September.”

Ìbíyẹmí rọra jókòó. A jẹ́ pé nígbà tí òun ń rojọ́ ṣọ́ọ̀bù níbi ìbọ́bàtà, Yẹ́misí ti mọ gbogbo rẹ̀. Ohun tó pa á lẹ́rìn-ín nìyẹn! Ojú tì í, ìtìjú náà sì di ìbínú lójú ẹsẹ̀.

“O ò gbọdọ̀ débẹ̀ mọ́,” ó ní. “Ṣé o fẹ́ kó ṣe ẹ́ bó ṣe ṣe ẹ̀gbọ́n ẹ ni?”

Dámiláre ń jẹun lórí tábìlì. Ó dá ṣíbí dúró. “Mummy…”

“Ìwọ dákẹ́! Ọ̀rọ̀ tìẹ gan-an ni mò ń jà lé lórí.”

Dámiláre da oúnjẹ rẹ̀ padà sínú ìkòkò, ó sì gun òkè lọ.

Sátidé méjì ló kù kí ọjọ́ ìbéèrè tó pé. Moṣọpẹ́ lo méjèèjì nílé, pẹ̀lú ìwé rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ tó ń yọjú wò ó ní wákàtí wákàtí. Lọ́jọ́ náà, Ìbíyẹmí gbàyè níbi iṣẹ́, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú Bíbélì àti omi àdúrà, ó ń gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ láti inú yàrá. Ó ń sọ̀rọ̀ dáadáa, ó ń rẹ́rìn-ín pàápàá. Lẹ́yìn náà, ohùn náà dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó jáde, ó ní, “Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí mi ò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀,” ó sì lọ dùbúlẹ̀.

Kérésì kọjá báyìí. Ìbíyẹmí ń fura sí gbogbo nǹkan. Ó fura sí ìyá àgbà ilé kejì tó bi í pé ṣé àlàáfíà ni. Ó fura sí àlá tó lá nípa eyín. Ó fura sí Yẹ́misí tó bọ Moṣọpẹ́ lọ́wọ́ ní ìsìn ọdún tuntun, ó sì fi háńkáṣíìfù nu ọwọ́ ọmọ náà kí wọ́n tó délé.

Ọjọ́ Tuesday kan nínú oṣù kìn-ín-ní ni èsì dé. Ìbíyẹmí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, káàdì iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Moṣọpẹ́ jókòó ní kíṣìnnì, kọ̀ǹpútà wà ní ṣíṣí níwájú rẹ̀, kò sí ìborùn lórí rẹ̀.

“Wọn ò gbà mí,” ó ní.

Ìbíyẹmí kò pariwo. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó wo ojú ọmọ rẹ̀, ó sì tún de bọ̀tìnnì kóòtù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú.

“Becontree Heath ni mò ń lọ,” ó ní.

Dámiláre kò lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó bọ́ sílẹ̀ láti òkè, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà. “Mummy, ẹ jókòó.”

“Kúrò lọ́nà! Méjì! Ọmọ mi méjèèjì!”

“Mi ò fi fọ́ọ̀mù yẹn ránṣẹ́.”

“Fọ́ọ̀mù wo?”

“Tọdún yẹn. Fọ́ọ̀mù mi. Ẹ ti sọ fún gbogbo ayé pé mo ń lọ. Everybody was calling me Professor. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí wọn ò bá wá gbà mí ńkọ́? Mo jókòó síwájú ẹ̀ títí àkókò fi kọjá. I never pressed send, Mummy. Kò sẹ́ni tó kọ̀ mí. Wọn ò gbọ́ orúkọ mi rí níbẹ̀.”

Ìbíyẹmí wá ẹ̀yìn àga, ó dì í mú. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wá sí i lẹ́nu, ìbéèrè tó ti mọ́ ọn lára.

“Ta ló mọ̀?”

“Aunty Yẹ́misí nìkan. Ilé wọn ni mo sá lọ lọ́jọ́ yẹn. Ó ní kí n wá sọ fún yín. Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ò ní sọ, èmi ni kí n sọ ọ́ fúnra mi nígbà tí mo bá lè sọ ọ́.”

Ọdún mẹ́rin. Ọdún mẹ́rin tí Ìbíyẹmí fi ń fi orí kí i, tó sì jẹ́ pé gbólóhùn kan péré ni Yẹ́misí ìbá sọ, ọ̀rọ̀ ìbá tán. Kò sọ ọ́. Ẹnu tí Ìbíyẹmí ń torí rẹ̀ ṣí omi ẹ̀rọ ló bo ọmọ rẹ̀ láṣìírí. Ìtìjú bò ó, ó fẹ́ bínú sí Dámiláre, ṣùgbọ́n ó rántí apẹ̀rẹ̀ èso, ó rántí ẹni tó gbé e lọ síwájú pẹpẹ.

Ó yíjú sí Moṣọpẹ́. “Ìbéèrè tí o ò mọ̀ yẹn. Ṣé Tèmi ì bá ti kọ́ ẹ?”

Moṣọpẹ́ pa kọ̀ǹpútà dé. “Ó ní ìgbẹ̀yìn la máa ṣe irú ẹ̀,” ó dáhùn. “The last two Saturdays. Mummy, I don't know. Ó lè má yàtọ̀.”

Ìbíyẹmí jáde. Ike áìsìkirímù ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa ìdọ̀tí, òjò ti rọ̀ sínú rẹ̀. Ó da omi rẹ̀ nù, ó fi kóòtù nù ún. Kò tíì dá abọ́ padà fún ẹnikẹ́ni lófìfo rí, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí ènìyàn lè bù sínú irú èyí. Ó gbé e bẹ́ẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì 5.

Yẹ́misí ló ṣí ilẹ̀kùn, ìyẹ̀fun wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Wọn ò gba Moṣọpẹ́,” Ìbíyẹmí wí, kò tíì kí i. Láti oṣù kẹsàn-án, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ náà fún ará ìta.

Yẹ́misí gbé ọwọ́ láyà, ìyẹ̀fun yí aṣọ rẹ̀. “Háà! Ọmọ yẹn mà gbìyànjú o.”

“Dámiláre ti sọ fún mi.”

“Ó ti sọ fún ẹ.” Yẹ́misí mí kanlẹ̀. “Ọlọ́run ṣeun.”

“Ìkọ́kọrẹ́ yẹn, mo dà á nù. Mo fún ọmọ náà ní epo mu.”

Yẹ́misí wo ike, ó wá wo ojú rẹ̀. “Ìbíyẹmí. O rò pé mo lè fún Moṣọpẹ́ ní nǹkan jẹ?”

Ìbíyẹmí kò lè sọ pé rárá. Ó kúnlẹ̀ sórí ẹní ìnusẹ̀, níta gbangba, lójú àwọn tó ń kọjá. “Má bínú. Jọ̀ọ́, má bínú sí mi.”

“Dìde, ilẹ̀ tutù.” Yẹ́misí gba ike lọ́wọ́ rẹ̀. “Ó ṣì ku yunifásítì mẹ́rin. Ní kí Moṣọpẹ́ wá ní Sátidé. Tèmi á dúró dè é.”

“Èmi ńkọ́?”

“Ìwọ?” Yẹ́misí di ilẹ̀kùn mú. “Mi ò tíì mọ̀. Ó dùn mí gan-an, Ìbíyẹmí. Fún mi láyè ná.” Ó rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Ní Sátidé, Ìbíyẹmí mú ọmọ rẹ̀ lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó dúró ní ẹnu géètì títí ó fi rí ọwọ́ Yẹ́misí tó fà á wọlé, ó sì lọ jókòó ní ibùdókọ̀. Òtútù mú, bọ́ọ̀sì mẹ́fà kọjá níwájú rẹ̀, kò wọ ìkankan. Lẹ́yìn wákàtí méjì, Moṣọpẹ́ jáde pẹ̀lú fáìlì rẹ̀ àti ike áìsìkirímù yẹn.

“Aunty Yẹ́misí ní kí n gbé e fún yín. She said it's for you, not me.”

Ìbíyẹmí ṣí i, oorun ẹja àti epo kọlu imú rẹ̀. Kò sí ṣíbí. Ó fi ìka bù ú, ó jẹ ẹ́ níbẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì gbàdúrà sí i kó tó gbé e mì.